Búláńkẹ́ẹ̀tì Olúmọ tí a pín hun láàárín ara wa: ègé kan ò bá èkejì dọ́gba

Ìyá Ìbejì Ìbarà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin oníkíróṣè. Àwa ọmọ kíláàsì kan náà la fẹ́ ṣe ẹ̀bùn ọgọ́rin ọdún fún tíṣà wa àtijọ́, màmá tó kọ́ wa ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ níbí ní Abẹ́òkúta. A ní a ò ní ra nǹkan kan, ọwọ́ wa la máa fi hun búláńkẹ́ẹ̀tì tó ní àwòrán Òkè Olúmọ, kí oríkì màmá, Àjọkẹ́, wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbàǹgbà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fọ́tò kan sórí ìkànnì Stitch Fiddle, ó sọ ọ́ di gíráàfù fún wa. Àpótí 96 ní ìbú, 120 ní gíga. Àwọ̀ tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kó jáde lé ní ọgbọ̀n, a gé e kù sí márùn-ún: eérú fún àpáta, àwọ̀ ewé, búlúù fún ojú ọ̀run, àwọ̀ ilẹ̀ fún àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà, funfun fún lẹ́tà. A pín in sí ègé 20, mẹ́rin ní ìbú, márùn-ún ní gíga. Ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ àpótí 24 sí 24. C2C (corner to corner, híhun láti igun kan dé igun kejì) ni gbogbo wa ń ṣe, àpótí kan lórí ìwé jẹ́ búlọ́ọ̀kù kan nínú wúùlù. Píìnì kíróṣè 4 mm la ní kí kálukú lò.

Ègé méje ti dé ọwọ́ mi báyìí. Mo tẹ́ wọn sórí rọ́ọ̀gì ní pálọ̀, orí mi sì gbóná. Mẹ́ta jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38. Ọ̀kan jẹ́ 35. Ọ̀kan jẹ́ 41. Méjì wá jẹ́ 28 péré, bẹ́ẹ̀ mo ka búlọ́ọ̀kù wọn, 24 ló pé sí ìhà gbogbo! Nínú mẹ́ta tó dọ́gba yẹn náà, ọ̀kan tí lẹ́tà K wà lórí rẹ̀, K yẹn kọjú sẹ́yìn.

Oṣù Kejìlá ni ayẹyẹ. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká tú, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Tíṣà Kíróṣè, Ìdí-Àbà

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má tíì tú nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn 28 yẹn. Ọwọ́ líle nìkan ò lè mú ègé kúrò ní 38 wá sí 28. Ẹ wo inú búlọ́ọ̀kù kan dáadáa. Nínú C2C tí gbogbo ayé mọ̀, ṣéènì mẹ́ta àti dọ́bù (ojú gíga) mẹ́ta ló ń di búlọ́ọ̀kù kan. Èèyàn á ṣe ṣéènì mẹ́fà ní ìbẹ̀rẹ̀, á ki píìnì bọ ìkẹrin láti ìdí píìnì, á ṣe dọ́bù kan síbẹ̀ àti ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì tó kù. Àmọ́ ẹ̀yà rẹ̀ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní mini, ṣéènì méjì àti háàfù dọ́bù (ojú tó kúrú ju dọ́bù lọ) ló ń lò. Àwòrán kan náà ló máa ń gbé jáde, iye búlọ́ọ̀kù kan náà, ṣùgbọ́n ó máa ń kéré gan-an ni. 38 tí a pín sí 24 ń fún yín ní nǹkan bíi 1.6 fún búlọ́ọ̀kù kan, 28 ń fún yín ní bíi 1.2. Ó jọ pé orí fídíò ọ̀tọ̀ ni àwọn méjì yẹn ti kọ́ ọ.

Èyí tó jẹ́ 41, ẹ gbé e sórí síkéèlì ìdáná pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn 38. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi.

Ìyá Ìbejì Ìbarà

Tíṣà, ẹ ṣeun o! Mo pe àwọn méjèèjì. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ọ̀kan ló fi fídíò ránṣẹ́ sí èkejì lórí WhatsApp. Mini lóòótọ́ ni wọ́n kọ sí i lórí. Ọ̀kan nínú wọn ti ní òun ò ní tú u, òun á fi ṣe ìrọ̀rí.

Síkéèlì: èyí tó jẹ́ 38 wọn gíráàmù 70. Èyí tó jẹ́ 41 wọn 96.

Tíṣà Kíróṣè, Ìdí-Àbà

96! Wúùlù ló nípọn jù nígbà náà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó hun ún. Bí ọwọ́ bá kàn dẹ̀ lásán, ègé á fẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìjẹmọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Èmi ni mo ni 41 yẹn o, mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Lórí WhatsApp, ohun tí wọ́n kọ sí mi ni "wúùlù aláwọ̀ ewé, píìnì 4 mm". Kò sí ẹni tó sọ bó ṣe máa nípọn tó. Níbí, ara ìwé tó wé òwú ni wọ́n ti ń kọ ọ́: DK rèé, aran rèé. Aran nípọn ju DK lọ, píìnì 5 mm ló sì bá a mu, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé tó bá fọ́tò mu wà nínú aran, kò sí nínú DK. Mo fi píìnì 4 hun aran, ó le bíi pátákó ìgúnyán. Ẹ fi èyí tó tọ́ ránṣẹ́ sí mi, màá tún un hun. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ọwọ́ mi dẹ̀, màmá fúnra rẹ̀ ló máa ń yìn mí ní kíláàsì.

Ìyá Ìbejì Ìbarà

Àbúrò mi, kò sẹ́ni tó bú ẹ. Ẹ̀gbọ́n wa kan ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù tó ń bọ̀, á gbé e wá fún ẹ.

Alòsì Lafẹ́nwá

Mo fẹ́ dáhùn ti K tó kọjú sẹ́yìn, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwa tá a ń lo ọwọ́ òsì nìyẹn. Ìyá Ìbejì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó hun ún, alòsì ni.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Àwọn tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún máa ń bẹ̀rẹ̀ gíráàfù láti igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Alòsì á wo ìwé kan náà, á máa fagi lé àpótí láti igun kan náà, ṣùgbọ́n lára aṣọ, igun apá òsì ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń hun ún jáde. Ìwé àti aṣọ ò kọjú síbì kan náà mọ́. Nínú àpáta tàbí ewé, ẹ lè má rí i. Orí lẹ́tà ló ti máa ń tú síta.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ lè má tú u. C2C ò fi bẹ́ẹ̀ ní iwájú àti ẹ̀yìn, torí pé bá a bá ti parí ìlà kan la máa ń yí aṣọ padà. Ẹ yí ègé náà dojú délẹ̀, K á kọjú síbi tó yẹ. Ohun kan ṣoṣo tó lè bà á jẹ́ ni bí ẹni náà bá fa wúùlù kọjá lẹ́yìn láti àwọ̀ kan sí òmíràn, okùn wọ̀nyẹn á fara hàn. Bí ó bá jẹ́ pé ó lo okùn ọ̀tọ̀ fún ibi àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó sì fi abẹ́rẹ́ ti ìdí wúùlù wọlé dáadáa, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Tó bá tún máa gba ègé mìíràn, kó bẹ̀rẹ̀ kíkà láti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì lórí ìwé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì Ìbarà

Mo ti yí i. K dúró ṣinṣin! Okùn kan ṣoṣo ló yọjú, màá fi abẹ́rẹ́ sin ín mọ́lẹ̀. Alòsì ni lóòótọ́, ó ní bóyá ẹ jẹ́ àjẹ́.

Alòsì Lafẹ́nwá

Ẹ bá mi kí i 😂

Ọ̀gbẹ́ni Gíráàfù

Èmi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì tó ya gíráàfù náà. Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹnì kan bi mí ní ìkọ̀kọ̀ ìdí tí mi ò fi lo síńgù (ojú kúkúrú), ojú kan fún àpótí kan, bí ọ̀pọ̀ búláńkẹ́ẹ̀tì aláwòrán ṣe máa ń jẹ́. Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, ojú síńgù kò ga tó bó ṣe fẹ̀, nítorí náà tí èèyàn bá tẹ̀ lé gíráàfù tí àpótí rẹ̀ dọ́gba, àwòrán á rẹlẹ̀, Olúmọ á wá dà bí òkúta tí wọ́n fi ń lọ ata. Ìkejì, ojú 96 nínú síńgù kò ní fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ pẹ̀lú wúùlù yìí. Ká tó rí aṣọ tó máa bo àgbàlagbà, àfi ká sọ àpótí di ìlọ́po ìlọ́po. Búlọ́ọ̀kù C2C dọ́gba ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 96 rẹ̀ sì ń lọ sí bíi mítà kan ààbọ̀.

Mo rí i pé àwọn kan ń sọnù lórí ìwé. Ẹ fi báírò fa ọfà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á gòkè, èyí tó tẹ̀ lé e á sọ̀kalẹ̀. Ègé 24 sí 24 ní ìlà dídábùú 47. Ìlà 24 ló gùn jù, láti ibẹ̀ lọ ẹ óò máa dín búlọ́ọ̀kù kan kù nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá dé ìlà 24 tí búlọ́ọ̀kù tó wà lọ́wọ́ yín ò sì pé 24, ẹ ti fo ọ̀kan níbì kan nìyẹn.

Màmá Ìtòkú

Ẹ kú àdúrà gbogbo, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Ẹ ń sọ̀rọ̀ gíráàfù bí ẹni pé òní ló dé. Nígbà tiwa, òwú funfun tín-ín-rín la fi ń hun aṣọ orí àga. Àpótí kan á dí, àpótí kan á ṣí sílẹ̀, àwọn tó dí yẹn ló máa ń di òdòdó, ẹyẹ, tàbí orúkọ baálé. Orí ìwé ìṣirò ni tíṣà ti máa ń yà á fún wa. Kò sí pálọ̀ onílé tó gbayì ní Abẹ́òkúta nígbà náà tí kò ní in lórí àga. Nítorí náà tíṣà yín á dá iṣẹ́ yìí mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti fọ́tò. Fọ́tò ni ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ wá ń gé àwọ̀ kúrò lára rẹ̀. Àwa tá a dàgbà sídìí aró, a ò gbé e gba ibẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí àwọn kan ń fi ìyẹ́ adìẹ yà, ní Abẹ́òkúta níbí páànù la fi mọ̀ ọ́n jù. Àwọn ọkùnrin ló ń gé páànù yẹn, wọ́n á gé àwòrán sí i lára, àwọn obìnrin á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ lááfún pa á. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọ ibẹ̀. Páànù ò mọ òjìji, kò mọ àárín méjì: ó gé tàbí kò gé. Àwòrán ọba àti ayaba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe sórí àdìrẹ nígbà jùbílì 1935, àwọ̀ méjì péré ni, gbogbo ayé sì mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ohun tí àpótí gíráàfù náà ń béèrè nìyẹn.

Ègé márùn-ún lókè àbí mélòó ni ẹ ní ó jẹ́ ojú ọ̀run lásán? Ta ló fẹ́ hun búlúù láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀?

Ọ̀gbẹ́ni Gíráàfù

Ègé mẹ́rin ni mà. Ìlà òkè pátápátá. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lóòótọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á.

Màmá Ìtòkú

Ẹ fi àwòrán àdìrẹ funfun sínú búlúù yẹn. Ojú ọ̀run yín á di aṣọ aláró.

Adébọ̀

Ẹ má bínú o, Màmá. Ohun gbogbo tó bá ti jẹ́ Abẹ́òkúta ni wọ́n ń fi àdìrẹ sí lára. Káàdì ìgbéyàwó, àdìrẹ. Ìbòjú kòrónà, àdìrẹ. Àwòrán Olúmọ yìí ti pé tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹyẹ àti àwòrán míì kún òkè rẹ̀, ojú ò ní mọ ibi tó máa kọ́kọ́ wò. Ojú ọ̀run tó ṣófo ló ń jẹ́ kí àpáta hàn.

Màmá Ìtòkú

Ọmọ mi, ìwọ lo máa hun búlúù mẹ́rin náà?

Adébọ̀

Rárá mà.

Tíṣà Kíróṣè, Ìdí-Àbà

Hahaha. Ẹ jẹ́ kí n bá Adébọ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀, òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi àdìrẹ sí i, ẹ má jẹ́ kó kún. Ẹ ya ọ̀kan náà léraléra, kékeré, kí àyè wà láàárín. Ẹ má sì jẹ́ kó sún mọ́ orí àpáta. Ìdajì òkè ègé nìkan.

Mo fẹ́ padà sórí ègé 35, ẹ ti gbàgbé rẹ̀. Ìyẹn ni ọwọ́ líle tòótọ́. Kí ẹni yẹn lo píìnì 4.5 fún ègé tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ti hun, ẹ lè gbà á là. Ẹ fi síńgù yí i ká, ìlà kan tàbí méjì, yóò fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ sí méjì ààbọ̀ kún un lápapọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi píìnì ìránṣọ kàn án mọ́lẹ̀ lórí fóòmù ní ìwọ̀n 38, kí ẹ fi ooru áyọ́ọ̀nù fẹ́ ẹ láti òkè. Ẹ ṣàkíyèsí o: *láti òkè*. Bí áyọ́ọ̀nù bá kan ákírílíìkì, ojú rẹ̀ á yọ́, á máa dán, á sì sọ gbogbo agbára rẹ̀ nù, kò tún sí àtúnṣe kankan.

Ká ní ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni, ǹ bá ní kí olúkúlùkù kọ́kọ́ hun búlọ́ọ̀kù 6 sí 6 kó fi ránṣẹ́. Tó bá yàtọ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 9 ààbọ̀, píìnì lẹ máa pààrọ̀, kì í ṣe èèyàn. Àwọn mẹ́tàlá tó kù, ẹ ṣì lè bá wọn ṣe é.

Ìyá Ìbejì Ìbarà

Màá ṣe é lálẹ́ òní. Ìbéèrè mìíràn: báwo la ṣe máa so ó pọ̀? Ẹnì kan ní ká fi síńgù funfun yí ègé kọ̀ọ̀kan ká kó tó di pé a so ó.

Abíkẹ́ Oníbọ́tìnnì

Ẹ má fi funfun yí i ká rárá! Olúmọ á wá jókòó lẹ́yìn fèrèsé onírin. Àwòrán kan ṣoṣo ni, ó gbọ́dọ̀ máa lọ láìdúró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, búlọ́ọ̀kù kan sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ wúùlù rán an ní àwọ̀ tó bá ibẹ̀ mu. Kí ẹ kọ́kọ́ fi píìnì ìránṣọ de igun méjèèjì àti àárín, búlọ́ọ̀kù kejìlá, kí ọ̀kan má bàa sáré ju èkejì lọ.

Tíṣà Kíróṣè, Ìdí-Àbà

Mo gbà, àfi lórí èyí tó jẹ́ 35. Síńgù tó máa yí ìyẹn ká kò gbọ́dọ̀ jẹ́ funfun, àwọ̀ búlọ́ọ̀kù tó wà létí ni kó máa tẹ̀ lé. Ó ń gba sùúrù, ṣùgbọ́n ègé kan péré ni.

Abíkẹ́ Oníbọ́tìnnì

Ẹni tó gba àwọn òrùlé ńkọ́? Ibẹ̀ ni àwọ̀ pọ̀ jù sí. Kó má gbé odindi bọ́ọ̀lù wúùlù márùn-ún lọ́wọ́, wọ́n á lọ́ mọ́ra wọn. Kó wé ìwọ̀nba díẹ̀ díẹ̀ mọ́ ara píìnì tí a fi ń sá aṣọ, ọ̀kan fún ibi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ibi ojú sílíìpù (slip stitch) tó so búlọ́ọ̀kù kan mọ́ èyí tó kàn ni kó ti yí àwọ̀ padà. Kó sì fi ìdí wúùlù tó tó sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ nígbàkúùgbà. Kó máa rán ìdí wúùlù wọlé bó ṣe ń hun ún lọ, bí ó bá dúró di ìparí, yóò sunkún.

Ọmọ Ìjẹmọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Mo ń wo lẹ́tà nísàlẹ̀ gíráàfù. AJOKE ni wọ́n kọ. Àmì ìsàlẹ̀ dà? Màmá tó máa ń fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo orúkọ tí kò bá ní àmì! 😭

Ọ̀gbẹ́ni Gíráàfù

Ẹ dárí jì wá mà. Tí mo bá fi odindi búlọ́ọ̀kù ṣe àmì, á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Àmì ohùn ò tiẹ̀ ní àyè kankan láàárín lẹ́tà àti òrùlé.

Màmá Ìtòkú

Ẹ fi abẹ́rẹ́ ṣe é nígbà tí ẹ bá ti so gbogbo rẹ̀ tán. Wúùlù funfun, ẹ rán an sórí aṣọ. Àmì ìsàlẹ̀ méjì, àmì ohùn méjì. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lẹ ní ó kọ́ yín, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ìyá Ìbejì Ìbarà

Màmá, ẹ ṣeun púpọ̀. Èmi ni màá rán an fúnra mi.

Mo ti bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀ ti àdìrẹ. Àwọn méjì gbà lójú ẹsẹ̀ láti hun òkè bí ó bá jẹ́ àdìrẹ, ẹni kan ṣoṣo ló kọ̀. Nítorí náà, ó ti wọlé. Adébọ̀, ẹ má bínú.

Ọmọ mi, wúùlù mélòó la máa rà kún un? Ẹni tí mo ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní Kútọ̀ ní bí òun bá ti ta èyí tó wà nílẹ̀ tán, nọ́ńbà aró (dye lot) tó wà lára ìwé tó wé e á yí padà, mi ò sì fẹ́ ojú ọ̀run olójú méjì.

Ọ̀gbẹ́ni Gíráàfù

Mo ti yà á tán mà, ní ìdajì òkè nìkan bí Tíṣà ṣe wí. Ègé mẹ́rin náà jẹ́ búlọ́ọ̀kù 2304. Funfun kó 640 nínú rẹ̀, búlúù kó 1664. Bí ègé kan bá wọn gíráàmù 70, funfun máa jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 78, búlúù bíi 202. Ẹ ra funfun kan àti búlúù mẹ́ta oní-100, kí a lè rí èyí tí a máa fi rán an pọ̀. Kí gbogbo búlúù náà ní nọ́ńbà kan náà. Tí kò bá ní mẹ́ta tó bára mu, ẹ pè mí láti ọjà, màá pọ̀ sí i lára funfun.

Ìyá Ìbejì Ìbarà

Ó dáa. Àárọ̀ Sátidé ni màá lọ, fi fóònù rẹ sí tòsí.